Orí Keje: Ìrìn-àjò Afẹ́ ní Ìgbà Ìwọ́wé: Àpẹẹrẹ Ẹkùn Langhe ní Ilẹ̀ Ítálì

7.1 Ohun tí ìgbà ìwọ́wé jẹ́

Ìgbà ìwọ́wé ni àsìkò tó wà láàárín ìgbà ooru àti ìgbà òtútù ní àwọn ilẹ̀ tó jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé. Ní apá àríwá ayé, ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 22 tàbí 23 oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà, ó sì máa ń parí ní nǹkan bí ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá. Kí ìṣirò lè rọrùn, àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ a máa ka oṣù Kẹsàn-án, Kẹwàá àti Kọkànlá sí ìgbà ìwọ́wé lódindi. Ní apá gúúsù ayé, oṣù Kẹta sí oṣù Karùn-ún ni àsìkò náà ń bọ́ sí.

Ohun tó fà á ni pé ayé kò dúró ṣánṣán bó ṣe ń yí. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní ìwọ̀n dígírì 23.5. Bí ó ṣe ń yí oòrùn po, apá àríwá a kọjú sí oòrùn fún oṣù mélòó kan, lẹ́yìn náà a bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra díẹ̀díẹ̀. Ìyẹra yìí ló ń mú kí ọ̀sán kúrú, tí ooru sì ń rọlẹ̀. Ilẹ̀ Yorùbá kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, nítorí náà gígùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà níbẹ̀. Òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n fi ń pín ọdún, kò sì sí ìgbà tí gbogbo igi igbó ń wọ́wé lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun mẹ́ta ló ń fa arìnrìn-àjò afẹ́ jáde ní ìgbà ìwọ́wé: oúnjẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko àti igbó dé, ìrísí ilẹ̀ tó ń pa àwọ̀ dà, àti èrò tó dín. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í gòkè lọ́sẹ̀ kan náà. Ọ̀sẹ̀ tí oúnjẹ dùn jù lè jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí èrò pọ̀ jù. Ọjọ́ tí ewé rẹwà jù sì lè jẹ́ ọjọ́ tí kùrukùru bo gbogbo òkè. Orí yìí yẹ ọ̀ràn náà wò ní ẹkùn kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti hàn gbangba, ìyẹn Langhe ní àríwá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Ítálì.

7.2 Ìdí tí èrò fi ń dín lẹ́yìn ìgbà ooru

Kàlẹ́ńdà ilé ìwé ló ń darí èrò ní Yúróòpù ju ojú ọjọ́ lọ. Ní Ítálì, ilé ìwé máa ń wà ní ìsinmi láti oṣù Kẹfà títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ jẹ́ ọjọ́ ìsinmi gbogboogbò tí wọ́n ń pè ní Ferragosto. Láyìíká ọjọ́ yìí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ a ti ìlẹ̀kùn, àwọn ìdílé a sì kọrí sí etí òkun àti orí òkè. Àwọn àlejò láti òkè òkun náà ń dé lákòókò kan náà. Bí ẹsẹ̀ kò ṣe gbèrò mọ́ láwọn ìlú kan ló mú kí ìjọba ìlú Venice bẹ̀rẹ̀ sí í gba yúrò 5 lọ́wọ́ àwọn tó bá wọlé fún ọjọ́ kan ṣoṣo, láwọn ọjọ́ kan tí wọ́n yàn ní ọdún 2024.

Nígbà tí ilé ìwé bá wọlé, àwọn òbí a padà sílé. Owó yàrá ní ilé ìtura a rọlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìlú, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú náà a sì dínwó. Àwọn tó kù lójú ọ̀nà ni àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tí kò ní ọmọ nílé ìwé, àti àwọn tí oúnjẹ gan-an ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kúrò nílé.

Ṣùgbọ́n èyí kì í ṣe òfin tó kan ibi gbogbo. Ìlú Munich ní Jámánì máa ń kún fọ́fọ́ láti oṣù Kẹsàn-án wọ ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá nítorí ayẹyẹ Oktoberfest. Ìlú Kyoto ní Japan máa ń kún ní oṣù Kọkànlá nígbà tí ewé bá pọ́n. Ní ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, òpin ọ̀sẹ̀ tó wọ ọjọ́ Ajé kejì oṣù Kẹwàá, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ni èrò ń pọ̀ sí jù. Níbi tí ìgbà ìwọ́wé fúnra rẹ̀ bá ti jẹ́ ohun tí àlejò wá wò, kò ní ṣófo.

7.3 Ẹkùn Langhe

Langhe jẹ́ òkè kéékèèké tó tò tẹ̀léra wọn ní apá ọ̀tún odò Tanaro, ní ẹkùn Piemonte, tí Torino jẹ́ olú ìlú rẹ̀. Ìlú Alba ni ọjà àti ibùdókọ̀ àdúgbò náà; ó tó nǹkan bíi kìlómítà 60 sí Torino. Àwọn òkè Roero wà ní òdìkejì odò. Ní ọjọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, a máa rí òkè Monviso láti Langhe, èyí tó ga tó mítà 3,841, pẹ̀lú yìnyín lórí rẹ̀.

Ní ọdún 2014, àjọ UNESCO kọ orúkọ oko àjàrà Langhe-Roero àti Monferrato sínú àwọn ogún àjogúnbá àgbáyé. Ohun tí wọ́n wò kọjá ẹwà nìkan: oko, abúlé orí òkè, ilé olódi àti ihò tí wọ́n ti ń fi wáìnì pamọ́ fi hàn bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbin àjàrà níbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Ilé olódi Grinzane Cavour wà lára rẹ̀. Camillo Benso, ẹni tó di olórí ìjọba àkọ́kọ́ fún Ítálì tó ṣọ̀kan ní 1861, ti ṣe olórí ìlú Grinzane láti 1832 sí 1849.

7.4 Oúnjẹ àsìkò

*Àjàrà àti wáìnì.* Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n ń kórè gbogbo àjàrà. Àwọn irú funfun àti Moscato ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ká, láti ìparí oṣù Kẹjọ. Dolcetto àti Barbera a tẹ̀ lé e. Nebbiolo ló ń gbẹ̀yìn, láàárín ìparí oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá. Nebbiolo nìkan ni wọ́n fi ń ṣe Barolo àti Barbaresco, wáìnì méjì tó sọ Langhe di olókìkí. Òfin sọ pé Barolo gbọ́dọ̀ lo oṣù 38 ó kéré tán kí wọ́n tó tà á, kí 18 nínú rẹ̀ sì jẹ́ inú àgbá igi; oṣù 26 ni ti Barbaresco. Nítorí náà, Barolo tí àlejò bá mu nígbà ìkórè kì í ṣe èso ọdún yẹn. Ohun tí ó lè rí ní àsìkò náà ni iṣẹ́: àwọn tó ń fi ọwọ́ gé ìdì àjàrà, ọkọ̀ tó ń kó o lọ sí ilé ìfúntí, àti òórùn omi èso tó ń hó.

*Olú abẹ́ ilẹ̀.* Olú tí a mọ̀ nílé a máa hù sójú ilẹ̀ lẹ́yìn òjò, ojú sì lè rí i. Tartufo, ìyẹn olú abẹ́ ilẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Inú ilẹ̀ ló ń gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbòǹgbò igi bíi oak, poplar, willow àti hazel. Òun àti igi náà jọ ń ran ara wọn lọ́wọ́: olú ń bá gbòǹgbò fa omi àti èròjà ilẹ̀, igi sì ń fún un ní ṣúgà tó fi oòrùn ṣe. Irú funfun, tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ *Tuber magnatum*, ló níyì jù ní Alba. Gbígbìn rẹ̀ sóko nira gan-an, nítorí náà inú igbó ni wọ́n ti ń wá a.

Ọdẹ olú, tí èdè ìbílẹ̀ Piemonte ń pè ní trifolao, kì í lọ láìmú ajá dání. Òórùn tí olú bá tú jáde nígbà tó bá gbó ni ajá ń gbọ́, ọdẹ a sì fi ọkọ́ kékeré wa ibẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Òru ni ọ̀pọ̀ wọn ń jáde, kí ẹlòmíràn má bàa mọ igi tó ń so fún wọn. Òfin Ítálì ti ọdún 1985 sọ pé ajá ni kí wọ́n máa lò, pé ọdẹ gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò kó tó gba ìwé àṣẹ, àti pé kí ó dí ihò tó bá wà padà. Àìdí ihò a máa jẹ́ kí gbòǹgbò gbẹ, olú kò sì ní í so síbẹ̀ mọ́. Ní 2021, UNESCO fi ìmọ̀ àwọn ọdẹ olú Ítálì kún àwọn àṣà tí wọ́n jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Wọn kì í se olú funfun lórí iná, nítorí ooru púpọ̀ ń lé òórùn rẹ̀ lọ. Tútù ni wọ́n ń rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí oúnjẹ gbígbóná tí adùn rẹ̀ kò le: ẹyin díńdín, wàràkàṣì yíyọ́, tàbí tajarin, tó jẹ́ nudù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ pupa ẹyin pò. Láàárín ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn náà a ti fò lọ. Èyí ló fà á tí ènìyàn fi ń rin ìrìn-àjò lọ bá olú, tí kò fi dúró de olú nílé. Owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré; ẹgbẹẹgbẹ̀rún yúrò ni kílò kan, ìwọ̀n gíráàmù ni wọ́n sì ń tà fún ọ̀pọ̀ oníbàárà.

*Hazelnut, ṣokoléètì àti oúnjẹ ilé.* Oṣù Kẹjọ àti Kẹsàn-án ni wọ́n ń kó hazelnut Langhe jọ. Ìtàn tí àwọn ará Torino ń sọ ni pé nígbà tí Napoleon fòfin de òwò Gẹ̀ẹ́sì ní 1806, kòkó di ọ̀wọ́n gógó, àwọn aṣeṣokoléètì sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi hazelnut lú u kí ó lè pọ̀. Àdàlú yìí ni gianduja. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì tí kòkó tún wọ́n, Pietro Ferrero gba ọ̀nà kan náà ní Alba. Ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1946, Nutella sì jáde ní 1964. Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni èyí tó pọ̀ jù nínú kòkó àgbáyé ti ń wá lónìí, oṣù Kẹwàá tí Alba ń ṣe ọjà olú sì wà lára oṣù tí àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ondó àti Ọ̀ṣun ń kórè lọ́pọ̀ yanturu.

Nígbà tí òtútù bá wọlé, bagna cauda a dé orí tábìlì. Ẹja kéékèèké oníyọ̀, aáyù àti òróró ólífì ni wọ́n máa ń yọ́ pọ̀ lórí iná jẹ́jẹ́, gbogbo ìdílé a sì máa ti ẹ̀fọ́ bọ̀ ọ́. Ẹja náà kì í ṣe ti Piemonte, tí kò ní òkun. Àwọn oníṣòwò ló ń gbé e gba orí òkè wá láti etíkun Liguria. Chestnut sísun àti olú porcini náà a wà lọ́jà, pàápàá ní ọjà ọjọ́ Sátidé tó ń gba àárín ìlú Alba kan.

7.5 Ìrísí ilẹ̀: ewé àti kùrukùru

Èròjà chlorophyll ló fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀. Òun ni igi fi ń lo oòrùn láti ṣe oúnjẹ. Nígbà tí ọ̀sán bá kúrú, igi kì í ṣe tuntun dípò èyí tó bàjẹ́ mọ́, àwọ̀ ìyeyè tó ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ a sì yọjú. Àwọ̀ pupa yàtọ̀ sí èyí: ewé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe é ni, láti ara ṣúgà tó há sínú rẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn ràn dáadáa àti òru tó tutù láìdì ni pupa fẹ́. Lẹ́yìn náà, ìdí ewé a dí, ewé a sì já bọ́.

Ní Langhe, oko àjàrà ló gbé àwọ̀ náà jáde jù. Irú àjàrà kan a máa pọ́n, òmíràn a máa dán bíi wúrà. Nítorí pé oko kéékèèké ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ní, òkè kan ṣoṣo lè ní àwọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ìparí oṣù Kẹwàá sí àárín oṣù Kọkànlá ni ó sábà máa ń dára jù. Gbàgede orí òkè La Morra jẹ́ ibi tí ojú ti lè rí oko Barolo káàkiri. Serralunga d'Alba, Castiglione Falletto àti Neive náà dára fún ìwòran.

Kùrukùru ni alábàárìn àsìkò náà. Afẹ́fẹ́ tútù wúwo ju èyí tó gbóná lọ. Bí òru bá ti gùn, a máa rọ̀ sínú àfonífojì, omi inú rẹ̀ a sì di kùrukùru. Ní òwúrọ̀, orí òkè lè wà nínú oòrùn kí Alba ní ìsàlẹ̀ má rí ojú ọ̀run rárá. Lọ́jọ́ mìíràn, kùrukùru a ká kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, a wà níbẹ̀ di alẹ́. Òjò náà máa ń pọ̀ ní ìgbà ìwọ́wé. Ní oṣù Kọkànlá 1994, odò Tanaro kún bo ìlú, ìkún omi náà sì pa ènìyàn bí 70 ní Piemonte.

7.6 Ọjà olú àti èrò ní Alba

Ní ìparí àwọn ọdún 1920, Giacomo Morra, onílé ìtura kan ní Alba, wòye pé olú lè fa àlejò wá ní oṣù tí yàrá ṣófo. Ó ṣètò ọjà fún un, ó sì ń fi olú tó tóbi jù ránṣẹ́ sí àwọn gbajúmọ̀: ọ̀kan dé ọwọ́ òṣèré fíìmù Rita Hayworth ní 1949, òmíràn dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ Amẹ́ríkà Harry Truman ní 1951. Ìwé ìròyìn gbé e, orúkọ Alba sì kàn. Lónìí, ọjà náà ń wáyé ní àwọn òpin ọ̀sẹ̀ láti oṣù Kẹwàá títí wọ nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Ní oṣù Kọkànlá, wọ́n a tún ta olú ní gbàǹjo ní ilé olódi Grinzane Cavour, owó rẹ̀ a sì lọ fún iṣẹ́ àánú. Eré ìje kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni wọ́n fi ń ṣí àsìkò náà ní oṣù Kẹwàá, láti fi ìlú Asti aládùúgbò wọn, tó ń sá eré ìje ẹṣin, ṣe yẹ̀yẹ́.

Ète Morra ti ṣẹ débi pé ó ti yí kàlẹ́ńdà ìlú padà. Ní Langhe, ọjọ́ Sátidé àti Àìkú ní oṣù Kẹwàá àti Kọkànlá ni yàrá ń wọ́n jù. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ pẹ̀lú èrò pé ìgbà ìwọ́wé ló ń dín èrò kù yóò bá ìlú tó kún pàdé.

7.7 Bí wọ́n ṣe ń yan àkókò

Ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, ìkórè àjàrà ń lọ, ojú ọjọ́ lọ́ wọ́rọ́, èrò kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ewé ṣì tutù yọ̀yọ̀, olú funfun kò sì tíì gbó. Láti ìparí oṣù Kẹwàá dé àárín oṣù Kọkànlá, ewé ti pa àwọ̀ dà, olú ti dára. Òjò, kùrukùru àti èrò òpin ọ̀sẹ̀ ni ìdíwọ́. Láti ìparí oṣù Kọkànlá wọ oṣù Kejìlá, olú gbó dáadáa, èrò sì ń dín; ewé ti wọ́ tán, òtútù sì mú. Àárín ọ̀sẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ni oúnjẹ, ìrísí àti ìdákẹ́jẹ́ sún mọ́ ara wọn jù. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ń sinmi lọ́jọ́ kan tàbí méjì láàárín ọ̀sẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí àlejò béèrè ṣáájú. Gbígbé ní abúlé bíi Neive tàbí Monforte dípò àárín Alba náà lè dín ìnáwó kù.

Reluwé wà láti Torino dé Alba, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì abúlé kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ àlejò a máa háyà mọ́tò. Ọ̀nà orí òkè tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì kọ́lọkọ̀lọ. Òfin Ítálì kò sì gba kí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ awakọ̀ ju gíráàmù 0.5 lọ nínú lítà kan, èyí tí ìtọ́wò wáìnì mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè mú ènìyàn kọjá. Ní ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹwàá, wọ́n ń dá aago padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, ilẹ̀ a sì tètè ṣú. Ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ London ló ń gbé, nílò físà Schengen. Kò lè béèrè fún un ju oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kó kù dín ní ọjọ́ 15. Láti oṣù Kẹfà 2024, yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà.

7.8 Ohun tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ yọ fún àwọn onílé

Àlejò ìgbà ìwọ́wé ń mú kí ilé ìtura, ilé oúnjẹ àti àgbẹ̀ rí owó lẹ́yìn ìgbà ooru, kí òṣìṣẹ́ má sì jókòó lásán. Láti 1985, òfin ti fàyè gba àgbẹ̀ láti gba àlejò sínú oko rẹ̀, kí ó sì fi ohun tó gbìn bọ́ wọn. Ètò yìí ni agriturismo. Ẹgbẹ́ Slow Food, tí gbòǹgbò rẹ̀ wà ní ìlú Bra nítòsí Alba, ti fi ọ̀rọ̀ oúnjẹ ìbílẹ̀ àti ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ síwájú láti àwọn ọdún 1980, ó sì ń ṣe ọjà wàràkàṣì ní Bra ní ọdún méjì-méjì.

Ìpalára náà wà. Bí àjàrà ṣe ń mówó wọlé, àwọn kan gé igbó láti fi gbin ín, ibẹ̀ sì ni olú ti ń hù. Nítorí èyí, ìjọba ẹkùn Piemonte ń san owó ọdọọdún fún onílẹ̀ tó bá dá igi olú sí. Ọ̀dá òjò ń dín olú kù, ooru tó ń pọ̀ sí i sì ń mú kí ìkórè àjàrà tètè dé. Àjèjì láti Ìlà-oòrùn Yúróòpù àti Áfíríkà ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kórè, ibùgbé àti owó ọ̀yà wọn sì jẹ́ ọ̀ràn tí wọ́n ń jà lé lórí ní agbègbè náà. Àlejò tó bá wá ní àárín ọ̀sẹ̀, tó san owó lọ́dọ̀ àgbẹ̀ fúnra rẹ̀, tó sì gba ẹ̀yìn ọdẹ tó ní ìwé àṣẹ wọ inú igbó, a máa dín ìnira yìí kù, a sì máa jẹ́ kí owó dé ọwọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́.

Ìdánrawò

1. Ṣàlàyé ìdí tí kò fi sí ìgbà ìwọ́wé ní ilẹ̀ Yorùbá.
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bí àwọ̀ ìyeyè àti àwọ̀ pupa ṣe ń hàn lára ewé?
3. Kí nìdí tí arìnrìn-àjò fi gbọ́dọ̀ lọ bá olú funfun níbi tó ti ń hù?
4. Sọ bí iṣẹ́ Giacomo Morra ṣe yí àkókò tí èrò ń pọ̀ ní Alba padà.
5. Yan ọ̀sẹ̀ kan láàárín oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kejìlá fún ìrìn-àjò sí Langhe. Sọ ohun tí àlejò yóò jèrè àti ohun tí yóò pàdánù.